Àwọn Tó Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Dùùrù

Ọdún méjì gbáko la fi gbọ́ àwo orin yìí ká tó gbọ́ ọ. Ó lè jọ àlọ́ létí yín, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí a bọ́ bàtà, tí ẹnì kan ti bu omi sí gàrí, ẹlòmíì á tẹ sípíkà kékeré tó wà lójú fèrèsé, Bill Evans á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa dùùrù lórí jẹ́jẹ́, àwa náà á sì tún ṣí láptọ̀ọ̀pù wa. Bug tí a bá jà lọ́sàn-án tí kò gbọ́ ṣì ń dúró dè wá. Orin ń lọ, iṣẹ́ ń lọ. Tí orin bá parí, a lè má mọ̀ pé ó ti parí.

Waltz for Debby ni orúkọ àwo náà. Bill Evans Trio ló ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ń wá orin tí kò ní bá yín jà lálẹ́, tí kò ní sọ pé àfi kẹ́ ẹ dìde jó, tí kò sì ní jágbe mọ́ yín bí ọ̀gá yín ṣe jágbe mọ́ yín láàárọ̀, òun nìyẹn. Orin mẹ́fà péré ló wà nínú ẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú 40. Kò sí ẹni tó ń kọrin. Dùùrù, báàsì, ìlù, ó tán.

Ṣómólú la wà nígbà yẹn, ní àjà kẹta, nínú ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀wé nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í tètè sùn níbẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, pósítà àwọn olóṣèlú. Gbàgà-gbàgà-gbàgà, títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, àfi tí wọ́n bá mú iná lọ, ìgbà yẹn la máa ń gbọ́ ti jẹnẹrétọ̀. Àwa mẹ́ta la jọ ń san owó ilé náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa la jọ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa la sì ń kọ kóòdù jẹun. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa, oṣù mẹ́fà ló fi jù wá lọ, nítorí oṣù mẹ́fà yẹn la ṣe ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀fẹ̀ ni o. A kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, àfi tá a bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Òun ló gbé orin náà wọlé, nínú flash kan tí ìdérí ẹ̀ ti sọnù. Ó ní ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ tí òun kọ́kọ́ ṣe ló fún òun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tan án, a fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. A ní orin òtẹ́ẹ̀lì nìyí, irú èyí tí wọ́n máa ń tàn sílẹ̀ kí olówó má baà gbọ́ ohùn ẹnu ara ẹ̀ tó bá ń jẹran. Kò dá wa lóhùn. Ó yí ohùn ẹ̀ sókè díẹ̀, ó ní, "Ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn." A rò pé àwọn atẹ̀wé ìsàlẹ̀ ló ń bá wí.

Ìtàn àwo náà rèé. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1961, ní New York. Ilé orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Village Vanguard, abẹ́ ilẹ̀ ló wà, àtẹ̀gùn lèèyàn máa ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó wọ inú ẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní olónìí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún làwọn mẹ́ta yìí bọ́ sórí ìtàgé lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta lálẹ́. Ilé iṣẹ́ Riverside gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá, Orrin Keepnews ló sì ń bójú tó iṣẹ́ náà. Nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ṣe àwo méjì: Sunday at the Village Vanguard ló ṣíwájú, ní 1961, Waltz for Debby tẹ̀ lé e ní 1962.

Bill Evans tó wà nídìí dùùrù, ọmọ ọdún 31 ni lọ́jọ́ náà. Paul Motian tó ń lùlù, 30. Scott LaFaro tó ń ta báàsì, 25. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka èyí, a wo ara wa lójú. Àwa náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, bọ́tìnnì la ṣì ń bá wọn sún sọ́tùn-ún sósì lórí áàpù ẹlòmíì.

Báàsì tí à ń wí yìí kì í ṣe jìtá tí ẹ máa ń rí lọ́rùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Onígi ni, ó ga ju ẹni tó ń ta á lọ, ó sì máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó ń ta á á fara tì í bíi pé ó fẹ́ sọ àṣírí fún un. Iṣẹ́ ẹ̀ nínú jáàsì láyé ìgbà yẹn, kó máa rìn ni. Gbọ̀m, gbọ̀m, gbọ̀m, gbọ̀m, kí àwọn yòókù lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà. LaFaro kò fẹ́ máa rìn lásán. Tí dùùrù bá sọ̀rọ̀, ó ń dá a lóhùn. Nígbà míì kò tiẹ̀ jẹ́ kí dùùrù sọ tán kó tó já a gbà. Àwa tí a ti gbọ́ ìyáàlù àti omele láti kékeré, ó yẹ ká tètè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ ká tètè mọ̀ ọ́n ni pé kò sẹ́ni tó ń pariwo. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyáàlù, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nínú yàrá kejì.

Debby tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe àwo náà, ọmọdé ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Evans lọ́kùnrin. Orin ijó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni Evans kọ fún un, ẹ lè kà á bí wọ́n bá ń lù ú: ení, èjì, ẹ̀ta, ení, èjì, ẹ̀ta. Tó bá yá, wọ́n á yí i sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ọmọ tó ń tọ ilẹ̀ á wá di ẹni tó ń rìn lójú títì bí àgbà. Àwa fẹ́ràn Some Other Time jù ú lọ, torí òun ló bá agogo mọ́kànlá alẹ́ mu jù. Detour Ahead dára, ṣùgbọ́n tí ebi bá ń pa yín, ó máa gùn lójú yín. Milestones tó kẹ́yìn, ará ilé mìíràn ni. Ó yá ju àwọn yòókù lọ, òun ló máa ń rán wa létí pé kí ẹnì kan dìde lọ fọ abọ́.

Ṣé ẹ rántí pé Ẹ̀gbọ́n ní ká tẹ́tí sí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn? Ó tó oṣù díẹ̀ ká tó gbọ́ wọn, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bà jẹ́ tí gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn èèyàn tó jókòó sínú Village Vanguard lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni. Wọ́n ń mutí, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Gíláàsì ń kan gíláàsì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ohun ẹ̀rín. Evans á wà níbi tó ti dẹ ọwọ́ débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ èémí ẹ̀, ẹnì kan á sì wà lẹ́yìn tó ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tiẹ̀, bóyá owó ilé, bóyá ìyàwó ẹlòmíì, ta ló mọ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ká fẹ́ràn ọjọ́ yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: wọ́n mú iná lọ. Ní New York! Orin tí wọ́n kọ́kọ́ lù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Gloria's Step, tí LaFaro fúnra ẹ̀ kọ, àárín ẹ̀ ni iná ti já, tí ohùn fi sọnù lórí téèpù. Wọn ò gbé ẹ̀yà yẹn jáde lódindi títí di 2005, nígbà tí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà sínú àpótí kan. Ẹ̀gbọ́n wá a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tan án fún wa láìsọ nǹkan kan. Orin ń lọ, orin já. Nígbà tó padà dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Up NEPA!" Àwọn atẹ̀wé ìsàlẹ̀ gbọ́, wọ́n lọ tẹ iná wọn wò, wọ́n sì bú wa.

Lẹ́yìn náà la mọ èyí tó kù nínú ìtàn. Ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú yẹn, ní ọjọ́ 6 oṣù keje, jàǹbá ọkọ̀ pa Scott LaFaro. Evans kò lè padà sídìí iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àwo àkọ́kọ́ jáde, òun àti Keepnews ṣa àwọn orin tí báàsì LaFaro ti hàn jù sínú ẹ̀, orin méjì tí LaFaro kọ ni wọ́n sì fi ṣe orí àti ìdí ẹ̀. Nínú ohun tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti wá ṣe Waltz for Debby. Èyí tí à ń fi mu gàrí lálẹ́ yìí, ìyókù ni.

Inú bí wa sí àwọn onígíláàsì yẹn. Ẹ jókòó síwájú ọmọkùnrin yìí, ọjọ́ tó máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ méjèèjì ṣe é kẹ́yìn, wọ́n sì ń gbà á sílẹ̀, ẹ ò lè pa ẹnu dé fún ogójì ìṣẹ́jú? Ẹ̀gbọ́n ní kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe, ṣé ẹnì kan sọ fún wọn ni. A ní kó dákẹ́. A ní a máa yọ wọ́n kúrò.

Ẹ mọ bí àwọn tó ń kọ kóòdù ṣe máa ń ṣe. Ohun tó bá dùn wá, a ó kọ ètò kọ̀ǹpútà lé e lórí. Ọjọ́ Sátidé kan la jókòó tì í, Python la lò. Ọgbọ́n ẹ̀ kò le. Ẹ wá ibi tí kò sí orin, tí ariwo èèyàn nìkan wà. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà wọn ariwo yẹn: báwo ni ohùn ìsàlẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ti àárín ńkọ́, ti òkè ńkọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó yọ ìwọ̀n yẹn kúrò nínú gbogbo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì: àmì lohun tí ẹ fẹ́, ariwo lohun tí ẹ ò fẹ́. A gba máàkì tó dáa nínú ẹ̀kọ́ yẹn.

My Foolish Heart la fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ariwo dínkù díẹ̀, inú wa dùn. A ní kó yọ sí i. Àwọn onígíláàsì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dùùrù wá ń dún bí ẹni tó ń pọkàkà lábẹ́ omi, ìlù ò sì sí mọ́. A wá ìlù, a ò rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Paul Motian kò fi ọ̀pá lu ìlù nínú orin yẹn. Ìgbálẹ̀ kékeré kan báyìí ló lò, wáyà tín-ín-rín ni irun ẹ̀, ó ń fi í gbá ojú ìlù yíká. Ṣíì, ṣíì, ṣíì, bí ẹni tó ń gba iwájú ilé láàárọ̀. Létí èèyàn, ìlù nìyẹn. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ohùn tó kárí ìsàlẹ̀ àti òkè láìní orí láìní ìdí, ariwo ni. Bó ṣe ń gbá àwọn èèyàn jáde, bẹ́ẹ̀ ló ń gbá Motian jáde.

Ẹ̀gbọ́n ti ibi ìdáná yọjú. "Ẹ ti pa Paul Motian," ló wí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà ẹ̀.

A pa kóòdù náà rẹ́. Rárá, a ò pa á rẹ́, ó ṣì wà níbì kan. Kò sẹ́ni tó ń pa kóòdù rẹ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, lálẹ́ ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n dá orin dúró. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní físà Kánádà òun ti jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí òun máa lọ. A gbójú sókè. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa kì í ṣe "a bá ẹ yọ̀". "O ò sọ fún wa!" la sọ. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé, ìkòkò kan náà la jọ ń jẹ, báwo lèèyàn ṣe máa gba físà mọ́ wa lórí bí olè? Ó wò wá. Kò bínú, kò bá tiẹ̀ sàn ká ní ó bínú. Ó ní, "Mo sọ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́."

A ní irọ́ ni.

A sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, a gbé àpótí, a ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wà láàárín wa bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tó dé ọ̀hún, ìfìranṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kò kú o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ wé ti LaFaro. Winnipeg ló lọ. Tí alẹ́ bá lẹ́ fún wa ní agogo mẹ́jọ, ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ ẹ̀, ó wà níbi iṣẹ́. Tó bá di alẹ́ tiẹ̀, àwa ti sùn. Ó wá ku "Happy birthday" àti àtàǹpàkò tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀. Àwa méjì tó kù pín owó ilé tiẹ̀ san. A gbé láptọ̀ọ̀pù wa sórí tábìlì tiẹ̀ torí ó tóbi jù. Orin náà, a ò fẹ́ tan án mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, oníbàárà kan tí a ti ṣiṣẹ́ fún rí kọ̀wé pé òun fẹ́ rí fídíò tí a fi ṣàlàyé áàpù ẹ̀ láyé ọjọ́sí. A wá inú fáìlì àtijọ́. Fídíò méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí a fún un. Èkejì, "bàjẹ́" la kọ sí orúkọ ẹ̀, torí pé ariwo pọ̀ níbẹ̀, ó sì di dandan ká tún un gbà lóru nígbà tí ilé dákẹ́. A ò mọ ohun tó mú wa tẹ̀ ẹ́. Ohùn wa ló wà níwájú, tí à ń fi Òyìnbó ṣàlàyé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń wọlé àti ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Lẹ́yìn ohùn wa, gbàgà-gbàgà-gbàgà. Ṣíbí ń kan ìkòkò. Orin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó rí tín-ín-rín, Evans ń lọ ní tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bèèrè pé, "Ta ló máa jẹ ìyókù ẹ̀wà yìí?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. A wá dé ibi ìsanwó, a ń ṣàlàyé káàdì, a sì gbọ́ ọ níbẹ̀, kedere, bíi pé ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn:

"Àwọn ará Kánádà ti dáhùn o. Wọ́n ní kí n wá tẹ̀ka."

Ohùn wa kò tiẹ̀ já. Ó kàn ń bá a lọ pé tí ẹ bá tẹ ibi báyìí, ìwé ẹ̀rí owó á jáde. Ẹ̀gbọ́n dúró díẹ̀. A gbọ́ bó ṣe yí padà, bàtà sílípáàsì ẹ̀ ń gbá ilẹ̀ lọ sí ibi ìdáná.

A tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. A wá wọ́ ọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ wò bóyá ó sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni nínú fídíò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì yòókù, kò sí nínú fáìlì kankan.

A fi ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà, a ò gé nǹkan kan kúrò. A kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Òótọ́ lo sọ. Jọ̀ọ́, má bínú." Ọjọ́ méjì kọjá, kò fèsì. Ọjọ́ kẹta, ó fi ohùn ránṣẹ́. Yìnyín ń dún lábẹ́ bàtà ẹ̀, ṣárá-ṣárá. Ó ní nínú bọ́ọ̀sì lòun ti tẹ́tí sí i, òun rẹ́rìn-ín débi tí obìnrin kan fi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ní òun gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, ara òun sì fà sílé. Ó ní òun ti ra gbohùngbohùn etí kan tó wọ́n, irú èyí tó máa ń pa gbogbo ariwo ayé, tí òun bá fi gbọ́ Waltz for Debby lálẹ́, àwọn onígíláàsì yẹn nìkan lèèyàn tó máa ń wà pẹ̀lú òun nínú yàrá. Ó dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ti mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òun ló pè. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ ẹ̀, kò lọ síbi iṣẹ́. A gbé fóònù ti sípíkà, a tan àwo náà láti orin àkọ́kọ́, òun náà gbé tiẹ̀ kalẹ̀ ó ń ṣe oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó sọ ohun pàtàkì kan. A bi í nípa owó ilé ọ̀hún, ó bi wá bóyá àwọn atẹ̀wé ṣì ń bú èèyàn. A ti dé Some Other Time nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Sípíkà ní bátìrì, orin kò já. Íntánẹ́ẹ̀tì ló lọ, ìpè já. A jókòó sínú òkùnkùn títí orin fi parí. Nígbà tí iná dé, gbogbo àdúgbò pariwo bí ìṣe wọn, fóònù sì tún dún.

"Mo ti gbọ́ yín," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Kí lẹ ń jẹ níbẹ̀ yẹn?"

A ní ẹ̀wà ni, àti pé ó ṣì kù.